Máìkì Tí A Ń Fi Há Ọrùn Aṣọ: Bí Àgbẹ̀ Ṣe Lè Fi Gba Ohùn Sílẹ̀ Sínú Ẹ̀rọ Orin Kékeré

  Irúgbìn, ajílẹ̀ àti kòkòrò la sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ la gbé wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe àkọsílẹ̀ oníbírò. Èyí tí a ń fi ẹnu ṣe ni.

ÌDÍ TÍ A FI Ń SỌ Ọ́

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ mọ iṣẹ́ wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n pé, "Ọjọ́ wo lẹ gbin àgbàdo yìí?" wọn á ní, "Ó tó ìgbà tí òjò kejì rọ̀." Ìdáhùn yẹn kò tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn tí a gbin àgbàdo ni ó yẹ kí ajílẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn yúríà, wọ ilẹ̀. Bí a bá gbàgbé ọjọ́, tí a wá ń da yúríà sí i nígbà tí àgbàdo ti yọ irùkẹ̀rẹ̀, owó ti wọ igbó nìyẹn.

Ẹ wo ti owó náà. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká sọ pé àgbẹ̀ kan san ₦60,000 fún tírákítọ̀, ₦15,000 fún irúgbìn, ₦90,000 fún ajílẹ̀, ₦18,000 fún oògùn apakoríko, ₦45,000 fún alágbàṣe, àti ₦12,000 fún ọkọ̀ tó kó àgbàdo lọ sọ́jà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦240,000. Ó ta báàgì 8 ní ₦35,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gba ₦280,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦40,000. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbàgbé owó alágbàṣe àti owó ọkọ̀, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń san wọ́n, á rò pé ₦97,000 ni òun jẹ lérè. Bí ó bá wá torí bẹ́ẹ̀ ṣèlérí owó ilé-ìwé ọmọ, gbèsè ló ń wá sílé yẹn.

Ẹni tó mọ̀wé lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé ńkọ́? Ẹni tó mọ̀wé, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún erùpẹ̀ ńkọ́? Ẹnu kò nílò bírò. Ní orílẹ̀-èdè Gánà, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Literacy Bridge, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2007, tó ti di Amplio báyìí, ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní Talking Book. Àwọn àgbẹ̀ ní ìhà àríwá Gánà fi ń gbọ́ ìmọ̀ràn iṣẹ́ oko ní èdè tiwọn, láìka ìwé kankan. Àwa náà lè fi ẹ̀rọ orin tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa ṣe irú rẹ̀.

KÍ NI ÀWỌN Ẹ̀RỌ WỌ̀NYÍ?

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí káṣẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ Philips ló gbé e jáde ní 1963. Káṣẹ́ẹ̀tì C60 ń gba ìṣẹ́jú 30 lójú kan, C90 ń gba ìṣẹ́jú 45. Bí ó bá kún, a óò yí i padà, tàbí kí á gba òmíràn lé ti àkọ́kọ́ lórí.

Ẹ̀rọ orin kékeré tí à ń wí yìí, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní MP3, kò lo káṣẹ́ẹ̀tì. Inú mẹ́mórì ló ń tọ́jú ohùn sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju páálí ìṣáná lọ. Àwọn kan ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ REC sí lára, ìyẹn ni pé wọ́n lè gba ohùn sílẹ̀.

Máìkì tí a ń fi há aṣọ kò tóbi ju orí ìka ọwọ́ lọ. Ó ní ohun ìgbámú bíi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ sórí okùn. Wáyà rẹ̀ á wá dé inú àpò tí ẹ̀rọ wà.

Ẹ lè béèrè pé, ṣebí máìkì ti wà nínú ẹ̀rọ orin míì tẹ́lẹ̀, kí la tún ń ra òmíràn fún? Ìdí rẹ̀ ni ìjìnnà. Ní gbangba, bí ìjìnnà láti ẹnu dé máìkì bá di ìlọ́po méjì, agbára ohùn tó ń dé ibẹ̀ á dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ariwo ọ̀kadà, ti adìyẹ àti ti ẹ̀rọ ìlọta kò dín. Bí ẹ̀rọ bá wà lórí tábìlì, ariwo á bo ohùn mọ́lẹ̀. Bí máìkì bá wà láyà, nítòsí ẹnu, ohùn á borí ariwo.

Ẹ WO IHÒ Ẹ̀RỌ KÍ Ẹ TÓ RA MÁÌKÌ

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù, torí náà ẹ fara balẹ̀ kà á, tàbí kí ẹ ní kí ọmọ kà á fún yín.

Kì í ṣe gbogbo ihò tó gba íápíìsì ló gba máìkì. Ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde nìkan ni ihò íápíìsì ẹ̀rọ púpọ̀. Bí ẹ bá ki máìkì bọ̀ ọ́, á wọlé rẹ́gí, ṣùgbọ́n kò ní gba nǹkan kan. Ohun tí ẹ óò wò nìyí:

1. Bí wọ́n bá kọ MIC sí ẹ̀gbẹ́ ihò, tàbí tí wọ́n ya àwòrán máìkì síbẹ̀, ihò máìkì ni. Orí wáyà tó ní òrùka dúdú kan tàbí méjì ló sábà máa ń bá irú ihò yìí mu.

2. Bí ó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo ni íápíìsì àti máìkì jọ ń lò, bíi ti fóònù, orí wáyà tó ní òrùka dúdú mẹ́ta ni kí ẹ wá.

3. Bí wọ́n bá kọ LINE IN síbẹ̀, kì í ṣe ti máìkì kékeré. Ohùn tó ti lágbára tẹ́lẹ̀, bíi èyí tó ń ti inú rẹ́díò bọ̀, ni wọ́n ṣe é fún. Máìkì kékeré á kàn máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ níbẹ̀ ni.

4. Bí ẹ̀rọ kò bá ní ìkankan nínú wọn, tí kò sì ní REC, ẹ má ra máìkì fún un. Orin nìkan ni kí ẹ máa fi gbọ́.

Àwọn kan nínú yín ní ọmọ lókè òkun tó fi iPod ránṣẹ́ sílé. Ọdún 2001 ni ilé-iṣẹ́ Apple kọ́kọ́ gbé iPod jáde, wọ́n sì dá a dúró ní 2022, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ rẹ̀ ṣì wà káàkiri. Ti 2001 kò lè gba ohùn sílẹ̀. Èyí tó ń fi àwòrán hàn, tó jáde ní 2005, lè gba ohùn, ṣùgbọ́n ó ní ohun àfikún tí a gbọ́dọ̀ kì bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí máìkì tó lè ṣiṣẹ́. iPod nano ìran kẹrin àti iPod touch ìran kejì, tí àwọn méjèèjì jáde ní 2008, lè gba máìkì láti ihò íápíìsì wọn, bí orí wáyà bá ní òrùka mẹ́ta.

Ẹ mú ẹ̀rọ yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní kí òǹtajà ki máìkì bọ̀ ọ́ lójú yín, kí ẹ gba ohùn díẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá máìkì tuntun ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tàbí ti inú ẹ̀rọ, ẹ tẹ REC, kí ẹ fi èékánná ha orí máìkì tó wà láṣọ, kí ẹ sì ha ara ẹ̀rọ náà. Bí ẹ bá gbọ́ ọ padà, tí híha máìkì ló dún gan-an, ó dára. Bí ó bá jẹ́ híha ẹ̀rọ ló dún jù, máìkì yẹn kò wọlé.

Àwọn máìkì kan ní bátìrì kékeré bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù nínú. Bí ẹ bá parí iṣẹ́, ẹ pa á tàbí kí ẹ yọ bátìrì náà, kó má baà tán.

IBI TÓ YẸ KÍ MÁÌKÌ WÀ

Ẹ há máìkì sí àyà, ní ìwọ̀n ínṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ sí abẹ́ àgbọ̀n. Bí ẹ bá na ọwọ́, tí àtàǹpàkò kan àgbọ̀n, ibi tí ìka ọwọ́ kékeré bá dé ni. Bí ó bá sún mọ́ ẹnu jù, èémí á máa dún fùùfùù. Bí ó bá lọ sí ikùn, ohùn á jìnnà.

Ọkùnrin tó wọ dàńṣíkí, kó há a sí ẹnu ọrùn rẹ̀. Obìnrin tó wọ bùbá, kó há a sí etí ọrùn bùbá. Ẹ má fi ìborùn bò ó. Ẹ yọ ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ṣéènì ọrùn, torí bí ẹ bá ń mira, á máa gbá máìkì, yóò sì máa dún bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí náà ń pariwo. Aṣọ iṣẹ́ tó ti rọ̀ ló dára jù.

Ẹ ká wáyà lẹ́ẹ̀kan ní abẹ́ ohun ìgbámú, kí ẹ tó jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Bí wáyà bá fà, ìká yẹn ni yóò kọ́kọ́ fà, kì í ṣe orí máìkì.

BÍ A ṢE Ń GBA OHÙN SÍLẸ̀

1. Ẹ wo bátìrì. Bí ó bá kù díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣá a. Ẹ̀rọ tó bá kú nígbà tó ń gba ohùn lọ́wọ́ lè sọ gbogbo ohun tó ti gbà nù.

2. Ẹ pa orin. Ẹ ki máìkì bọ ihò rẹ̀ títí yóò fi wọlé pátápátá.

3. Bí ẹ̀rọ bá ní ibi tí a ti ń yan agbára máìkì, HIGH tàbí LOW, ẹ yan LOW, torí máìkì ti sún mọ́ ẹnu. HIGH wà fún ohùn ọ̀nà jíjìn.

4. Ẹ tẹ REC. Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀, kí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ má baà gé.

5. Ẹ kà láti ení dé ẹẹ́wàá ní ohùn tí ẹ fẹ́ fi sọ̀rọ̀. Ẹ dá a dúró, kí ẹ gbọ́ ọ. Bí ohùn bá ya tàbí tó ń hó, ó pọ̀ jù, ẹ sún máìkì sísàlẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá dún tó, ẹ sún un sókè.

6. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ gidi. Bí ẹ̀rọ bá ní bọ́tìnnì HOLD, ẹ tì í, kí ara má baà tẹ nǹkan míì nínú àpò.

7. Bí ẹ bá parí, ẹ tẹ STOP kí ẹ tó pa ẹ̀rọ. Ẹ má fa mẹ́mórì káàdì yọ kí ó tó parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀TÁ OHÙN: AFẸ́FẸ́ ÀTI ARIWO

Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ oko á máa dún bí ìlù nínú máìkì. Ẹ gé fóòmù kékeré, kí ẹ dá ihò sí àárín rẹ̀, kí ẹ fi wọ orí máìkì bíi fìlà. Bí kò bá sí fóòmù, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ṣẹ́ wé e, kí ẹ so ó pẹ̀lú rọ́bà. Ẹ má lo náílọ̀n, torí ó ń dún. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá.

Ẹ má gba ohùn lábẹ́ òrùlé páànù nígbà tí òjò ń rọ̀. Ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìlọta. Ìdí igi tó ní ewé dáadáa, tàbí inú yàrá tí aṣọ àti ẹní wà, dára ju ilé sìmẹ́ńtì òfìfo lọ, torí inú òfìfo máa ń dá ohùn padà.

KÍ NI KÁ MÁA SỌ?

Ọ̀rọ̀ gígùn kò pọn dandan. Ìṣẹ́jú kan tó lójúmọ́ tí ẹ bá ṣe iṣẹ́ tàbí ná owó. Ẹ máa tò ó báyìí: ọjọ́, oko, iṣẹ́, ìwọ̀n, owó, ojú ọjọ́. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí:

"Òní ni Sátidé, ọjọ́ 10, oṣù karùn-ún, ọdún 2025. Oko ẹ̀bá odò ni mo wà. Àgbàdo ni mo gbìn. Sẹ̀ǹtímítà 75 ni mo fi sáàárín ebè, 25 sáàárín ihò, ẹyọ kan sí ihò kan. Èèyàn mẹ́ta ló bá mi ṣiṣẹ́. Mo san ₦15,000. Òjò rọ̀ lánàá."

Ẹni tó bá gba èyí sílẹ̀ kò ní máa ro orí kiri. Á kàn gbọ́ ọ, á ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, á sì mọ̀ pé láàárín ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ni yúríà gbọ́dọ̀ wọlẹ̀. Ẹ máa fi ẹnu sọ ọjọ́ nígbà gbogbo, torí aago inú ẹ̀rọ lè padà sẹ́yìn bí bátìrì bá kú.

Ẹ tún lè há máìkì sọ́rùn òṣìṣẹ́ wa nígbà tó bá ń ṣàlàyé ìwọ̀n oògùn. Ìwọ̀n oògùn kì í ṣe ohun tí à ń fojú dá. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ gbọ́ ọ padà ní ìdí fọ́ńfọ́ń, kí ẹ tún fi wé ohun tí wọ́n kọ sára ìgò.

ÌPÀDÉ ẸGBẸ́ ALÁFỌWỌ́SOWỌ́PỌ̀

Máìkì kan ṣoṣo kò lè gbọ́ ogún èèyàn. Ẹ há a sórí igi kékeré, kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbé igi náà sọ́wọ́. Á sọ orúkọ rẹ̀, á sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, á sì gbé e fún ẹlòmíràn. Ó tún ń jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ìparí, kí alága ka ìpinnu jáde: ta ló yá owó, èló ni, ọjọ́ wo ni yóò dá a padà, ta ló ṣe onídùúró. Kí ẹni tó yá a fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà." Ìjà owó ti tú ẹgbẹ́ púpọ̀ ká, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló jẹ́ olè. Ìgbà míì, kálukú ló rántí tirẹ̀.

Ẹ má gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀ níkọ̀kọ̀. Ẹ tọrọ àyè, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí ẹ gbà. Àgbẹ̀ tí aládùúgbò bá ń bẹ̀rù láti bá sọ̀rọ̀ ti pàdánù ju owó lọ. Ẹ má sì tìtorí ohùn pa rìsíìtì àti ìwé àdéhùn tì. Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà ti ọdún 2011, ní abala 84, fàyè gba ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde, ṣùgbọ́n ó ní ìlànà tí a gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Nítorí náà, ohùn tó bá jẹ mọ́ ilẹ̀ tàbí owó, ẹ má gé e, ẹ má pa á rẹ́.

BÍ A ṢE Ń TỌ́JÚ RẸ̀

Ẹ̀rọ púpọ̀ ń jẹ́ kí á yan irú ọ̀nà tí yóò gbà tọ́jú ohùn. Bí ẹ bá yan MP3 ní 64, wákàtí kan kò ní ju mẹ́gábáìtì 29 lọ. Mẹ́mórì jígábáìtì 8 lè gba wákàtí tó lé ní 250. Bí ẹ bá yan WAV tó dára gan-an, wákàtí kan lè gba mẹ́gábáìtì 300 sí 600 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, MP3 ní 64 tó.

Lóṣooṣù, ẹ ní kí ọmọ tàbí òṣìṣẹ́ wa da gbogbo rẹ̀ kọ sínú kọ̀ǹpútà tàbí káàdì kejì. Ohun tó wà níbì kan ṣoṣo lè sọnù lọ́jọ́ kan. Ẹ fi ẹ̀rọ sínú ike tó ní ìdérí, kúrò nítòsí ajílẹ̀, oògùn àti oòrùn.

ÌBÉÈRÈ ÀTI ÌDÁHÙN

Ìyá àgbà: Ọmọ mi, mi ò mọ̀wé. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ REC?

Òṣìṣẹ́: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ẹ ní kí ọmọ fi ọ̀dà pupa kan bọ́tìnnì REC, kó fi funfun kan STOP. Pupa, ẹ sọ̀rọ̀. Funfun, ó ti tán. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n.

Ìyá àgbà: Bí mo bá wá fẹ́ gbọ́ ti oṣù tó kọjá ńkọ́? Ṣé gbogbo rẹ̀ ni n ó máa gbọ́?

Òṣìṣẹ́: Rárá, Mà. Bí ẹ bá ti ń sọ ọjọ́ àti oko níbẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan nìkan lẹ óò gbọ́, ẹ ó sì fò ó bí kì í bá ṣe òun. Ẹ má pa iṣẹ́ ọjọ́ méjì pọ̀ sójú kan.

Bàbá: Èmi ní fóònù. Ṣé dandan ni kí n ra ẹ̀rọ orin?

Òṣìṣẹ́: Kì í ṣe dandan, Bàbá. Bí fóònù yín bá lè gba ohùn, tó sì ní ihò, máìkì olórùka mẹ́ta á bá a ṣe. Àǹfààní ẹ̀rọ orin ni pé kò sí ẹni tí yóò pè é nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, bátìrì rẹ̀ kì í sì í tètè tán.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oko kan ní àkókò gbígbìn tó ń bọ̀. Nígbà tí ẹ bá kórè, ẹ pe òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ agbègbè yín, kí ẹ jọ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ó bá yín ṣírò owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ oko tó ń pèrè àti oko tó kàn ń jẹ agbára. Ire oko á jẹ́ tiwa o.